Kébù Tí Kò Ní Orúkọ Lára

Kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa ọkùnrin yìí, ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i: kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí ó má kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà gbà wọlé. Onílé á na ọwọ́ sí i, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ojú àlejò náà á ti wà lókè ògiri, á máa tẹ̀ lé wáyà láti ojú fèrèsé títí dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tó bá mọ ibi tó parí sí ni yóò tó béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọ yàrá ilé ìwòsàn, ó wo igun ògiri, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tó ṣe iná yìí, ẹ má jẹ́ kó sá lọ." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Bàbá Áńténà ni àdúgbò ń pè é, nítorí òpó irin tó nàró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí wọ́n ta wáyà sí lórí bí okùn tí kò sẹ́ni tó ń sá aṣọ sí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú láàbù ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti kó ìgò jáde fún àwọn ọmọ kí wọ́n fọ́ ọ, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti fọ́ ọ. Nísinsìnyí, ilé ló wà. Yàrá kékeré kan tí wọ́n kọ́ fún ìkó-ẹrù ló fi ṣe ibùjókòó: tábìlì kan, àga kan, aago kan tí kì í fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà, àti rédíò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, ló ni pálọ̀ tó wà níwájú yàrá náà, pẹ̀lú maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ àti tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Kọ́tíìnì kan ni ààlà láàárín ìjọba méjèèjì.

Rédíò tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń tan láti gbọ́ ìròyìn. Èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni, tí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó fi ń bá àwọn tó jìnnà sọ̀rọ̀, àwọn tí kò rí rí, nípa ojú ọjọ́, nípa bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn sí, àti nípa irú rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá ní, "Kí wá lẹ̀ ń bá ara yín sọ gan-an?", ohun tí wọ́n ń sọ náà nìyẹn.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni a lè pè ní ọ̀rẹ́. Atukọ̀ ni wọ́n ń pè é lórí afẹ́fẹ́, nítorí ìdí rédíò inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọdún kejìdínlógún rèé tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ẹni tó dàgbà jù, nítorí náà àwọn méjèèjì ń fi ọ̀wọ̀ àgbà fún ara wọn, kí ẹ̀bi má baà wà lọ́rùn ẹnì kan. Wọn kò sì gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ìyàwó Bàbá Áńténà béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Fóònù kẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ wí, bí ẹni tí wọ́n ní kó gun alùpùpù wọ inú ìdíje eré sísá. "Ta ni kò lè fi fóònù bá èèyàn sọ̀rọ̀?"

"Èmi," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Àwọn ọmọ yín kì í gbé e."

Ohun kan wà tó so ọkùnrin yìí mọ́ Atukọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti láàbù pa, tí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé, ó sì ku ọdún mẹ́rin kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sójú kan. Gbogbo ayé ló ń bi í pé kí ló dé: ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀, títí kan ẹni tó wá ka mítà iná. Atukọ̀ nìkan ni kò béèrè. Tí ó bá di Sátidé, á sọ fún un pé òjò ti ṣú lọ́dọ̀ òun, pé rédíò òun ń hó bí epo gbígbóná, pé ẹyẹ kan ti bà lé áńténà òun tí kò fẹ́ lọ. Bàbá á ní, "Mo gbọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, Bàbá bi í irú ẹyẹ wo ni, ayé sì padà bọ̀ sípò. Kò dúpẹ́ rí. Ìwé àṣẹ kò kà á léèwọ̀ kí ènìyàn dúpẹ́ lórí afẹ́fẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

Ní Sátidé kan báyìí, ohùn Atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìkòkò. Bàbá yí èyí, ó yí tọ̀hún. Ohun tó rí dì mú kò pọ̀: ọmọ Atukọ̀ obìnrin ń bọ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àjà kẹfà ni ilé ọ̀hún wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ta okùn aṣọ níbẹ̀, áḿbọ̀sì òpó áńténà. Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún, ni wọ́n máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni ìpàdé wọn ìkẹyìn.

Bàbá pa rédíò. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó gun àkàbà. Bí ó ṣe tú ibi tí kébù tó ń gbé ohùn láti òpó dé ìdí rédíò ti so mọ́ wáyà lókè, omi da sí i lọ́wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fún kànrìnkàn. Ó gé kébù náà ní ìwọ̀n apá kan, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tún gé apá méjì, dúdú ni. Ó gé e títí ó fi dé ojú fèrèsé, ó sì dúró níbẹ̀, nítorí pé ohun tó kù kò tó nǹkan tí ènìyàn ń gé mọ́. Ọkùnrin tó ti ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún yìí wá pé, "Ẹ fi rọ́bà wé orí kébù yín kí òjò tó dé," kò wé tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wé e.

Ọ̀sẹ̀ kan ló ní, ogún mítà kébù ló ń wá.

Ní Mọ́ńdé, ó lọ sọ́dọ̀ Onídíìṣì ní ìparí òpópónà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó ń so díìṣì tẹlifíṣọ̀n mọ́ òrùlé ilé àwọn èèyàn, gbogbo ohun tó wà láyé ló sì rọrùn lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìká kébù dúdú kan jáde lábẹ́ káńtà, ó fi ẹsẹ̀ gbọn eruku rẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti wà níbẹ̀, Dádì. Mítà márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ máa gbé e lọ, ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá gbé e sójú oòrùn, ó ń yí i, ó ń wá ìkọ̀wé tí àwọn tó ṣe é máa ń tẹ̀ sí i lára. Kò sí lẹ́tà kan. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ láti orí dé ìdí, bí ẹ̀rí ọkàn olóṣèlú tó ń tọrọ ìbò.

"Irú wo ni? Kébù àádọ́ta ni àbí márùndínlọ́gọ́rin?"

"Àádọ́ta kí ni?"

"Óòmù."

"Háà, ìyẹn ò le." Onídíìṣì mú mítà tó fi ń wọn iná, ó fi ẹnu mítà kan wáyà àárín lókè, ó fi èkejì kàn án nísàlẹ̀, ó wo ojú mítà bíi dókítà. "Òdo ni. Kò ní óòmù kankan lára. Kébù tó mọ́ nìyẹn!"

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè bá a dúpẹ́. Àmọ́ óòmù tí Bàbá ń sọ kì í ṣe èyí tí ẹnu mítà ń kà bẹ́ẹ̀. Kébù yìí, wáyà kan ló wà láàárín rẹ̀, rọ́bà funfun yí i ká, wọ́n hun wáyà tíntìntín bí àwọ̀n sórí rọ́bà náà, wọ́n wá fi rọ́bà dúdú wọ gbogbo rẹ̀ láṣọ. Bí wáyà àárín ṣe nípọn sí àti bí àwọ̀n ṣe jìnnà sí i ló ń sọ irú ìwà tó máa hù sí ohùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ìwà yẹn ni wọ́n ń fi óòmù pè. Kébù tẹlifíṣọ̀n, márùndínlọ́gọ́rin ni. Ti rédíò tí ń sọ̀rọ̀, àádọ́ta ni. Lójú lásán, wọ́n jọra bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà lọ ya fọ́tò.

"Ẹ jẹ́ n bi yín, Dádì," Onídíìṣì náà ní. "Tí ẹ bá fi márùndínlọ́gọ́rin sí i, ṣé rédíò yín máa bú ni?"

"Kò níí bú."

"Ṣé kò níí sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó máa sọ̀rọ̀. Ó kàn lè má tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni wàhálà yín? Wáyà ni wáyà ń jẹ́."

Bàbá gbé ìká kébù náà kọ́ èjìká. "Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ wá sùn sílé rẹ, tí o dẹ̀ mọ̀ pé kò níí jí nǹkan kan, o ò níí béèrè orúkọ ẹ̀ ni?"

"Ó dá lórí bóyá obìnrin ni," ni Onídíìṣì wí.

Nílé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó bó kébù náà lẹ́nu, ó fi èékánná tẹ rọ́bà funfun. Kò tẹ̀ wọlé, ìyẹn ni pé rọ́bà gidi ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi iná ràn án, ó gbóòórùn rẹ̀: bí àbẹ́là. Ó dára. Ohun tó kù kò ju kí ó gé mítà kan géérégé, kí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mítà rẹ̀ àtijọ́ tó mọ ìwọ̀n iná tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gbà mọ́ra. Tí mítà bá pe nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, kébù àádọ́ta ni. Tí ó bá pe nǹkan bíi mẹ́tàdínláàádọ́rin, kébù tẹlifíṣọ̀n ni, kí ó gbé e padà fún olóore rẹ̀. Ó ká kọ́tíìnì sókè, ó na ọwọ́ sórí tábìlì ìyàwó rẹ̀, ó mú téèpù ìwọn-aṣọ, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e.

Mítà pe ọgọ́rin.

Ó tú u, ó tún un so. Ọgọ́rin. Ó pààrọ̀ bátìrì mítà. Ọgọ́rin. Ní Túsìdé, ó gé mítà kejì láti ìdí kébù, bóyá orí rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Ọgọ́rin. Ó gé ẹ̀kẹta, ó gé ẹ̀kẹrin. Ní Wẹ́sìdé, gígé mẹ́rin ló tò sórí tábìlì bí òkú ejò, gbogbo wọn ń pe ọgọ́rin pẹ̀lú ìṣọ̀kan tí kò sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé. Kì í ṣe ti ibí, kì í ṣe ti ọ̀hún. Bàbá ti fura sí mítà, ó ti fura sí kébù, ó ti fura sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ti ń fura sí sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Ìká kébù náà ń tín-ín-rín lọ, Sátidé ń sún mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ká kọ́tíìnì. Ó yẹ kí a mọ̀ pé obìnrin yìí, bí inú rẹ̀ bá ṣe ń ru sí ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wa, ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin baba rere, ṣé ọwọ́ yín ni téèpù mi wà láti ọjọ́ Mọ́ńdé?"

"Mò ń fi wọn mítà kan ni."

"Láti ibo?"

"Báwo ni láti ibo? Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Ogún ni téèpù yẹn ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá gbé téèpù náà sún mọ́ ojú. Lóòótọ́, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ogún. Wọ́n ti fi owú rán ẹnu rẹ̀, ó gún régé.

"Orí ẹ̀ ya, mo bá gé e," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Nígbà wo?"

"Ọdún tí a kun ilé."

"O ò dẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Ta ni gbogbo èèyàn?"

"Èmi."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ìbẹ̀rẹ̀ rúlà kí wọ́n tó wo ìparí rẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún ìyàwó rẹ̀ lásìkò yìí. Ohun tó ti ń pè ní mítà kan láti ọjọ́ Mọ́ńdé, ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà ni, ó sì pe ọgọ́rin. Mítà kan gidi á pe ọgọ́rùn-ún, ọmọ kíláàsì kejì lè ṣírò ìyẹn. Síbẹ̀ ó mú ọ̀bẹ.

"Kí lẹ tún fẹ́ gé? Ẹ ṣẹ̀ ṣírò ẹ̀ tán ni."

"Kí ó lè dá mi lójú."

Ó gé mítà kan tó pé. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ogún mítà àti díẹ̀ ló kù nínú ìká náà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ àádọ́ta sí ara kébù náà gàdàgbà, ó jìnnà sí i díẹ̀, ó wò ó, bí ẹni tó ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ.

Kébù ti rí orúkọ, ó wá ku orí. Orí tí à ń sọ ni irin tó máa ń wà lẹ́nu kébù, èyí tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀yìn rédíò, tí wọ́n á wá yí òrùka rẹ̀ kó lè dì í mú. Tirẹ̀ àtijọ́, omi ti jẹ ẹ́. Ní Tọ́sìdé, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kọ́kọ́rọ́, obìnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó tóóró débi pé oníbàárà méjì kò lè bínú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ rẹ̀ tó kú máa ń tún rédíò ṣe, ó sì fi abọ́ ńlá kan tó kún fún orí wáyà sílẹ̀ fún un.

Bàbá wọlé, ó wo òkè. "Wáyà yín tó gba ìdí ilẹ̀kùn yẹn, ilẹ̀kùn ń jẹ ẹ́ o."

"A wà láàyè, ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ náà wà," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dáhùn. Ó ti mọ̀ ọ́n. "Kí lẹ ń wá?"

"Orí kébù. Èyí tó ní òrùka tó ń yí."

Ó ti abọ́ náà sí i. "Orí tó wà níbẹ̀ ju ti gbogbo àdúgbò yìí lọ. Ẹ kàn wá èyí tó pé nínú wọn."

Bàbá da abọ́ náà sórí ìwé ìròyìn, ó jókòó tì í. Orí tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, orí gbohùngbohùn wà níbẹ̀, orí àwọn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé wọ́n wà rí náà wà níbẹ̀. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló fi ṣà á. Ọ̀kan ṣoṣo ló rí. Nígbà tó ki ẹnu kébù bọ inú rẹ̀, ó ń mì gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà baba rẹ̀. Kébù tó sanra ni wọ́n ṣe orí náà fún. Ó tún ṣà, ó rí búṣì kan, irin roboto oníhò tí wọ́n máa ń fi dín inú orí bẹ́ẹ̀ kù. Kébù kò wọ inú búṣì. Kébù tó tín-ín-rín ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

"Ó kéré fún ti àgbà, ó tóbi fún ti ọmọdé," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni kébù yín. Ẹ mú búṣì yẹn wá."

Ó dè é mọ́ ẹnu irin ìdìmú, ó mú fáìlì roboto, irin tó fi ń ha ẹnu kọ́kọ́rọ́ kó lè jọ̀lọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú rẹ̀. Á ha á díẹ̀, á gba kébù, á dán an wò, á tún ha á.

"Ẹ rọra o. Tó bá fẹ̀ jù, kò sí òmíràn."

"Bàbá, iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni mò ń ṣe jẹun. Tó bá fẹ̀ jù, ilẹ̀kùn ò níí ṣí. Ta tiẹ̀ lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí bá sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ kó lọ."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

Bàbá mọ ohun tó fẹ́ sọ. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ti ń rò ó, ó ti gé e kù títí ó fi ku gbólóhùn kan: "Ẹ ṣeun tí ẹ kò bi mí léèrè nígbà yẹn." Ó ti sọ ọ́ fún dígí ilé ìwẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún kébù.

"Mo kàn fẹ́ kí i ni," ó ní.

"Ìkíni yìí mà wúwo o," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí, ó fẹ́ eruku idẹ kúrò nínú búṣì. Kébù wọ inú rẹ̀, ó dúró ṣinṣin, kò mì.

Fúráìdé ni Bàbá fi gbé òpó wálẹ̀, tó sì so kébù mọ́ wáyà orí rẹ̀. Ìpele rọ́bà mẹ́ta ló fi wé e, irú wíwé tí wọ́n lè fi di òkú sin sínú omi. Ó gbé òpó dìde, ó fa kébù gba ẹ̀gbẹ́ táńkì omi kọjá, ó gbà á lójú fèrèsé wọ yàrá. Irin sọ́dà, èyí tó fi ń jó irin mọ́ ara wọn, kò gbóná lọ́jọ́ náà nítorí pé kò sí iná, ó sì fi ti orí kébù sí ọjọ́ kejì.

Ní Sátidé, aago mẹ́ta, ó jókòó tì í. Ó bó kébù lẹ́nu, ó yí àwọ̀n rẹ̀ padà, ó fi búṣì wọ̀ ọ́, ó fi orí dé e, ó jó o ní sọ́dà. Ó dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i láti pálọ̀ láìjẹ́ pé ó pè é.

Ìyàwó rẹ̀ wá. Ó wo orí kébù, ó wo tábìlì. Ó mú nǹkan roboto kan tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì.

"Èyí ńkọ́?"

Òrùka ni. Òrùka tó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ kébù kí wọ́n tó jó orí mọ́ ọn, nítorí pé tí orí bá ti wà níbẹ̀, òrùka kò lè gba ojú orí wọlé mọ́. Kò sí ẹni tó ń lo rédíò yìí láyé tí kò gbàgbé òrùka rí. Bàbá ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ṣáájú ọjọ́ yìí, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Atukọ̀, tó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Kò lè gé orí náà dànù: tí ó bá gé e, kébù kò ní dé ìdí rédíò mọ́. Ọ̀nà kan ló kù, kí òrùka gba ìdí kejì wọlé, lókè òpó, kí ó rin ogún mítà wálé.

"Ẹ gbé òpó yín wálẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ti ń wá bàtà. "Kí ọ̀nà okùn tó dí ni abẹ́rẹ́ ń lọ."

Bàbá tú ìpele rọ́bà mẹ́ta tó fi ọjọ́ kan gbáko wé. Ìyàwó rẹ̀ gba òrùka, ó fi kébù sí i nínú láìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ti ń fi owú bọ abẹ́rẹ́ láti ogójì ọdún. Ó wá ń tì í bọ̀ lára kébù, ó gba ẹ̀gbẹ́ táńkì, ó tẹríba lábẹ́ okùn aṣọ, ó gbé ohùn sókè sí aládùúgbò tó yọjú lórí ògiri:

"Ẹ má bi mí o. Òrùka ni mò ń kó wọlé. Òrùka àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi nínú ilé yìí láti ogójì ọdún, kébù ni wọ́n ní kí n fi sí lọ́wọ́."

Nígbà tí Bàbá fi wé òkè tán, tó gbé òpó dìde, tó sì sáré wọlé pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, òrùka ti wà lọ́rùn orí kébù. Ó yí i mọ́ ẹ̀yìn rédíò. Aago ku ìṣẹ́jú kan kó lu mẹ́rin.

Ó pe Atukọ̀. Atukọ̀ dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bí ẹni pé ẹ̀yìn kọ́tíìnì ló wà.

"Ẹ̀yin náà rèé! Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi. Ohùn yín mà ń wọlé dáadáa o. Kí lẹ ṣe?"

Bàbá ti múra gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Àmọ́ ìbéèrè ni wọ́n bi í, ẹni tí wọ́n bá sì bi ní ìbéèrè, ìwà ọmọlúàbí ni kó dáhùn.

"Mo pààrọ̀ kébù ni."

"Irú wo?"

"Kò ní orúkọ lára."

Ìró àga kan dún níhà Atukọ̀. Ó fà á sún mọ́ rédíò bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," Atukọ̀ ní, "ẹ má fo nǹkan kan."

Bàbá kò fo nǹkan kan. Ó sọ ti Onídíìṣì tó wọn óòmù tó bá òdo. Ó sọ ti ọgọ́rin. Nígbà tó dé orí téèpù, Atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyàwó, pé obìnrin náà nìkan ni onísáyẹ́ǹsì tó wà nínú ilé náà. Ó béèrè òórùn rọ́bà, Bàbá ní àbẹ́là. Ó béèrè búṣì, Bàbá sọ ti fáìlì kọ́kọ́rọ́, Atukọ̀ ní ìyẹn dára, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó béèrè òrùka. Bàbá fẹ́ fo ìyẹn.

"Ẹ gbàgbé ẹ̀," ni Atukọ̀ wí.

"Mo gbàgbé ẹ̀."

"Ìkeje!" ni Atukọ̀ wí, pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ńlá. "Ẹ dẹ̀ mọ̀ pé tó bá tiẹ̀ jẹ́ kébù tẹlifíṣọ̀n lẹ lò, màá ṣì gbọ́ yín."

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀."

Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu márùn-ún. Ohùn obìnrin kan gba ẹ̀yìn Atukọ̀ kọjá, ìró irin tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi ti dé," ó ní. "Wọ́n ti gun àkàbà. Mo sọ fún wọn pé márùn-ún, àmọ́ àwọn ọmọ òde òní, aago tiwọn máa ń yára."

Bàbá tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀. "Atukọ̀," ó ní, "lọ́dún yẹn, tí mo wà nílé..." Ó dúró. Gbólóhùn tó ti gé kù fún ọjọ́ méje, ó wá rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀.

Atukọ̀ kò béèrè ọdún wo.

"Ẹ wò ó," ó wá ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀, "kébù yìí, ó ń jẹ mí lọ́kàn. Nǹkan kan kù. Ṣé ẹ ti wọn..."

Ohùn náà gé, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù.

Bàbá jókòó síbẹ̀ títí aago fi lu mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ká kọ́tíìnì, ó gbé tíì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lọ.

"Ṣé ẹ rí i bá sọ̀rọ̀?"

"A sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ?"

"A fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́."

"Òun ńkọ́? Kí ló sọ gbẹ̀yìn?"

"Ó béèrè bóyá mo ti wọn nǹkan kan."

"Kí ni?"

Láti ìgbà náà, Bàbá Áńténà ti wọn gígùn kébù náà láti orí dé ìdí, pẹ̀lú téèpù tuntun. Ó ti wọn ìnípọn rọ́bà dúdú àti ti funfun. Ó ti ka okùn wáyà tó wà nínú àwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé iye tó bá kò dọ́gba. Ó ti fi gígé kan sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó ti fi òmíràn sínú oòrùn láti mọ bó ṣe ń gbóná sí, ó ti rì í sínú omi, ó sì ti wọn omi náà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Kò sí èyí tó ní àbùkù. Bí ó bá di Sátidé, aago mẹ́rin, á tan rédíò, á ṣí ìwé náà síwájú, á dúró kí wọ́n bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kébù, ẹ dákun: kí ló kù tí kò tíì wọ̀n?